Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò Tó Ti Rọ̀ Tán

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá ọkọ mi nígbà náà pé iṣẹ́ kí ni ìyàwó ọmọ wọn ń ṣe ní Bìní, ìdáhùn wọn kì í gùn. "Ó ń ka òjò." Bí ẹni náà bá tún ní òjò wo, wọ́n á ní, "Òjò èṣí."

Wọn ò parọ́. Òjò èṣí ni mo ń kà, àti òjò ìdúnta, àti ti àwọn ọdún tó ṣáájú ìyẹn, títí dé ọdún tí mo bí ọmọ mi obìnrin. Ọmọ náà ti pé mẹ́rin nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní àdúgbò Uselu ni mo ti ń tẹ̀wé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá. Èmi náà ti jáde girama, yunifásítì sì wù mí gan-an, ṣùgbọ́n oyún dé kí fọ́ọ̀mù tó dé. Mi ò tijú láti sọ ọ́ mọ́. Mo máa ń ka ìwé tí mo bá ń tẹ̀ fún wọn, màá sì máa sọ lọ́kàn mi pé, "Èyí náà ò ju ohun tí mo lè ṣe lọ."

Ibẹ̀ ni Dókítà ti rí mi. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Olùkọ́ obìnrin ni wọ́n ní yunifásítì, ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n gbé ìwé kan wá tí nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì yọ awò ojú wọn.

"Ọmọ ibo ni ẹ́, àbúrò?"

"Ọ̀wọ̀ ni, mà."

"Ìjẹ̀bú ni tèmi. Gbogbo wọn ní ọ́fíìsì mi ń da Gẹ̀ẹ́sì bò mí lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé o lè wá máa bá mi ṣiṣẹ́, ká sì jọ máa sọ Yorùbá wa?"

Bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Iṣẹ́ náà rèé. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣírò ojú ọjọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan síwájú. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń wò. Apá tiwa yìí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nìkan ló da àwọ̀n bò, Bìní sì bọ́ sí ojú àwọ̀n kan, òjò kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo ibi tó bá wà lójú kan. Mo bi Dókítà bóyá Siluko Road tí mò ń gbé àti Uselu, ojú kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Òjò ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, mà," ni mo wí. "Òjò lè na Uselu kó má fi ọwọ́ kan Siluko."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn wà lára ohun tí àwọn fẹ́ mọ̀.

Àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà kì í da àsọtẹ́lẹ̀ nù bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, wọ́n ń tò ó pamọ́ ni. Dókítà ti gba ti ọdún mélòó kan lọ́wọ́ wọn sínú àpótí dúdú kékeré kan tí kò ju páálí ọṣẹ lọ. Wọ́n sì ní ìwé ìwọ̀n òjò tiwọn. Ike kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì tí òjò ń rọ̀ sí, tí wọ́n ti ń wọ̀n lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n sì ń kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n fi ohun tí kọ̀ǹpútà sọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó rọ̀ gan-an, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Mà," ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "òjò tó ti rọ̀ tán, kí la tún fẹ́ fi àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe?"

"Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣeé gbà gbọ́, ṣé ohun tó ń sọ lónìí lo máa wò?"

Mo rò ó. "Rárá, mà. Ohun tó ti sọ sẹ́yìn ni màá wò, bóyá ó ṣẹ."

"O ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà."

Fáìlì kan ló wà fún ọjọ́ kan, orúkọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà ló sì ń jẹ́. Bí o bá ṣí i, wàá rí nọ́ńbà òjò ní ìlà-ìlà, ìlà kan fún ọjọ́ kan, kò sí déètì lára wọn. Dókítà ní kí n mú ìlà kẹta nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí n wá déètì ọjọ́ tó ni ín, kí n sì kọ òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà tì í. Kò le rárá. Fáìlì Mọ́ńdè, ìlà kẹta: Mọ́ńdè, Túsìdé, Wẹ́sìdé. Mo kọ Wẹ́sìdé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáìlì kan, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà. Láàárọ̀, màá mú ọmọ mi dé nọ́sìrì, tí yóò máa fi Pidgin bá mi ṣàlàyé ohun tí mo fi Yorùbá bi í, lẹ́yìn náà màá wọ bọ́ọ̀sì. Fáànù wà ní ọ́fíìsì Dókítà. Bí ó bá di ọ̀sán, a ó jẹ àgbàdo sísè àti àgbọn, wọ́n á máa sọ fún mi nípa ìkùukùu. Mo wá mọ̀ pé ìkùukùu tí mo ń wò láti kékeré ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé ìwé.

Ọkọ mi, káfíńtà ni, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì ní Siluko Road. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti ìkángun títì ni yóò ti pariwo lójú àwọn oníbàárà rẹ̀:

"Ìyá Olójò! Kí ni òjò ìdúnta wí?"

"Ó ní kí o tètè gbé pákó rẹ wọlé."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kan ọdún tí mo bí ọmọ mi, ara mi yá gágá láti dé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ta ló lè gbàgbé òjò ọjọ́ yẹn? Tọ́sìdé ni. Ìrọbí ti ń mú mi láti ìdájí, omi sì ti gba Siluko Road, kò sí mọ́tò tó fẹ́ wọ àdúgbò wa. Ọkọ mi kó pákó kúrò lórí ọmọlánke tó fi ń kẹ́rù, ó tẹ́ fóòmù sí i, ó gbé mi lé e, ó fi ọ̀rá bò mí, ó sì tì mí la omi náà já dé ibi tí mọ́tò lè dúró sí. Mò ń ké, òun náà ń ké, "Gáfárà! Ẹ yà fún aláboyún!" Bí mo ṣe dé ilé ìbímọ nìyẹn, tí ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ mọ́ mi lára.

Nínú ìwé ìwọ̀n, òjò Tọ́sìdé yẹn ló ga jù ní oṣù náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Ìrì lásán ló ní ó máa sẹ̀ ní Tọ́sìdé. Wẹ́sìdé tó ṣáájú rẹ̀ ló kó òjò rẹpẹtẹ sí. Mo sì rántí Wẹ́sìdé náà dáadáa. Mo fọ aṣọ ọmọ tuntun, mo sá a, gbogbo rẹ̀ gbẹ kó tó di ọ̀sán. Ó dùn mí díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ka orúkọ gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ tí wọ́n fo tèèyàn. Mo ní kọ̀ǹpútà yìí kò mọ nǹkan kan. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì tẹ̀síwájú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iṣẹ́ náà parí. Kó tó parí ni Dókítà ti sọ fún mi pé òmíràn ń bọ̀, tó máa gba ọdún mẹ́ta. Bí mo bá ṣe èyí yanjú, èmi ni wọ́n máa mú, àwọn á sì dúró tì mí kí n gba fọ́ọ̀mù yunifásítì láàárín rẹ̀. Ẹ̀yin tí fọ́ọ̀mù ò wọ́n lójú yín rí, ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí mi. Mi ò tilẹ̀ sọ fún ọkọ mi fún ọjọ́ méjì, kí n lè kọ́kọ́ dá a jẹ.

Ní Fúráìdè kan, mo bá Dókítà níwájú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n fi ọwọ́ lérán.

"Kò bára mu rárá," ni wọ́n wí. "Ohun tó sọ lọ sókè, ohun tó rọ̀ wá sílẹ̀. Àbúrò, ṣé àwọn déètì yẹn dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí àwọn pé àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí kò ṣeé gbára lé fún ìlú Bìní. Mọ́ńdè ni ìwé náà ń lọ. Ojú mi ti ní láti yí padà, torí wọ́n ní, "Má mikàn. A ó wá ti kọ̀ǹpútà míì fún iṣẹ́ tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ mi ti pè láti Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọ ọmọ àwọn, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn ń bọ̀ wá kí i lọ́jọ́ mẹ́jọ òní. Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ẹnu rẹ̀ ni kì í sọ ọ́. Bí ó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí bàbá rẹ̀ fi ń sàmì sí pákó, ó fa ìlà mẹ́jọ sára ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀kan kúrò kó tó fọ ẹnu.

Sátidé pé. Mò ń gbé ìkòkò ẹ̀wà sọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé pẹ̀lú báàgì méjì àti odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí. Ọmọ mi sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i.

"Grandma, you never reach," ló wí. "E remain one."

Ìyá ọkọ mi wò mí. "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ò tíì dé, mà. Ó ní ó ku ọjọ́ kan."

"Ọjọ́ kan kí? Sátidé ni mo pè, Sátidé nìyí." Wọ́n sọ báàgì kalẹ̀, wọ́n fi ìka kà á fún un: "Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdé, Wẹ́sìdé, Tọ́sìdé, Fúráìdè, Sátidé. Mélòó nìyẹn? Ọjọ́ mẹ́jọ géérégé."

Ọmọ náà mi orí. Ó nawọ́ sí ìlà kan tó kù lára ilẹ̀kùn. "No o! You no dey count today. Na tomorrow be one."

Ọkọ mi ti ń di inú mú fún ẹ̀rín. "Màámi, ẹ padà sí Ọ̀wọ̀. Ó di ọ̀la."

"Bàbá rẹ ló ń padà sí Ọ̀wọ̀. Ẹ gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí lórí mi, ọrùn mi ń ro mí!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi di ìkòkò mú, mi ò lè gbé e kalẹ̀. Na tomorrow be one. A kì í ka òní, ọ̀la ni ọjọ́ kìíní. Mọ́ńdè, Túsìdé, Wẹ́sìdé. Aṣọ ọmọ tuntun tó gbẹ lórí okùn. Òjò tí kọ̀ǹpútà kó sí Wẹ́sìdé.

Mo gbé ìkòkò náà kalẹ̀ ṣá. Mo lọ fa ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí mo fi ń kọ nǹkan kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo mú oṣù kan péré, mo sún ohun tí kọ̀ǹpútà sọ síwájú ní ọjọ́ kan. Òjò ńlá bọ́ sórí òjò ńlá. Ọ̀gbẹlẹ̀ bọ́ sórí ọ̀gbẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀. Mo mú oṣù míì, bákan náà ló rí. Kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ṣe ọjọ́ kìíní.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀rù ló tẹ̀ lé e. Dókítà ti gbà á pé kọ̀ǹpútà ló jẹ̀bi, ààyè mi sì ń bẹ níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni mo fẹ́ lọ fi hàn wọ́n pé ó ti ṣàṣìṣe láti fáìlì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, mo fẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́ gan-an ni.

Ìyá ọkọ mi ló wọlé bá mi. "Kí ló dé tí o ń wo ìwé bí ẹni ń wo òkú?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ìyẹn ni pé òjò èṣí tí o tún ń kà náà, o ṣì í kà?"

"Bí ẹ ṣe ka ọjọ́ mẹ́jọ yín náà ni mo ṣe kà á, mà."

"Bí a ti í kà á nìyẹn! Ọmọ tí a bá bí lónìí, òní ni ọjọ́ rẹ̀ kìíní, ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ìwọ náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ̀gá rẹ." Wọ́n gbé aṣọ mi láti orí àga jù sí mi. "Dìde, lọ sọ fún wọn kó tó di pé wọ́n fi orúkọ wọn sí irọ́. Èmi á bójú tó ẹ̀wà."

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo bá Dókítà ní ilé wọn lẹ́yìn Uselu, wọ́n ró ìró, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ pátá láì mí. Ẹ̀gúsí mẹ́ta ni wọ́n bó kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Ìlà kìíní, ọjọ́ wo lo fún un?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà, mà."

"Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ìlà kìíní, ọ̀la ló ni ín."

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

Ó já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò sọ fún ọ," ni Dókítà wí. "Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ lánàá bóyá ó dá ọ lójú."

"Ẹ bi mí, mà. Ó dá mi lójú nígbà yẹn."

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn wá sórí tábìlì oúnjẹ. Mo ti ń ṣírò oṣù tí màá fi tún un ṣe. Wọ́n kàn mú gbogbo ìlà déètì, wọ́n sún un ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n tẹ nǹkan kan. Àtúnṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù, kò gbà tó àkókò tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gúsí márùn-ún. Ìlà méjì jáde lójú kọ̀ǹpútà, pupa àti búlúù. Bí pupa bá gòkè, búlúù á gòkè. Níbòmíràn wọ́n pínyà, ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

"Hẹn," ni Dókítà wí. Wọ́n sún mọ́ ọn. "Hẹn-ẹn."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde nílẹ̀ jàre. Ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀tẹ́ ni ì bá kó bá mi. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn, ìwọ náà ló máa ṣe é. Ẹni tó ṣì í, tó wá sọ, mo mọ ibi tí màá ti bá a. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohunkóhun tí o bá fẹ́ kà fún mi, kọ́kọ́ sọ ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. "Bá mi bó ìyókù."

Mo bó o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi nu ìlà tó kù kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó wá lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Grandma, welcome." Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi tó tú bísíkíìtì tó wà nínú báàgì. Wọ́n ní àwọn ò ṣáà lè fún un lẹ́bùn nígbà tí àwọn ò tíì dé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n tó ṣe ohunkóhun ní ọ́fíìsì, mo wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú àtẹ tuntun. Ó wà níbẹ̀, òjò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò ńlá, ní Tọ́sìdé. Fáìlì ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà ló sọ ọ́. Mo rántí Mọ́ńdè yẹn. Ọjà Oliha ni mo wà, ikùn mi ti dé iwájú, oòrùn ń pa mí, mò ń bá aláta jà lórí ata gbígbẹ. Kí n tó délé ní ìrọ̀lẹ́ náà, ẹ̀rọ kan tí mi ò mọ̀, ní ìlú tí mi ò dé rí, ti sọ ọ́ pé omi máa gba Siluko lọ́jọ́ tí màá bímọ.

Mo sọ fún ọkọ mi bí mo ṣe kọjá ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ó dá ayùn dúró.

"Wọ́n ti mọ̀ láti Mọ́ńdè?"

"Láti Mọ́ńdè."

Ó wo ọmọlánke rẹ̀ níbi tí ó fi ara ti ògiri, ó wò mí. "Kí ló wá dé tí wọn ò pè mí? Ǹ bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ sílẹ̀."